Tẹlifíṣọ̀n Tó Ní Kí N Dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

                                                            At-Bashy,
                                                            Naryn.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 2024.

Meerim ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tí a jọ pín àga kan ní sẹ́kọ́ńdìrì,

O kú òtútù, o kú ìjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ṣé ẹ̀yìn ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ní tiwa, a wà. Ara Aiperi ọmọ mi ti yá. Èmi náà ń jí, mo ń po ìyẹ̀fun, mo ń sùn.

O ní kí n sọ èrò mi nípa tẹlifíṣọ̀n tí ọkọ mi gbé wá láti Moscow, torí o fẹ́ ra irú rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Bí ẹṣin bá ń sáré nínú rẹ̀, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ife tíì rẹ kúrò lọ́nà. Ohùn rẹ̀ ga ju yàrá wa lọ, gíláàsì fèrèsé máa ń gbọ̀n. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, ó máa ń pẹ́ kó tó rántí ara rẹ̀. Ọkọ mi tún gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dá ilẹ̀ gbá mọ́ ọn. Ìyẹn, má rà á. Etí kápẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn ló máa ń há sí, á wá máa ké. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti Moscow nìyí. Kò lè gbálẹ̀, ariwo ló mọ̀ ọ́n pa."

Ohun tí wọ́n ń pọ́n jù nínú tẹlifíṣọ̀n náà ni pé èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀. Wàá ní kó pe lágbájá, á sì pè é bíi fóònù. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n bá fi mọ̀ ọ́n nìkan ló ń dá lóhùn, àwọn tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ló sì ń pè. Ohùn mi ni ọkọ mi fi sí i. Òun ló kọ orúkọ àwọn ará ilé, bí òun ṣe ń pè wọ́n. Kò rántí pé ìyàwó kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Èmi náà ò rántí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi aṣọ funfun bò mí lórí wọ ilé yìí, Baba Ẹlẹ́ṣin Dúdú ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹṣin náà ti kú, ọkọ̀ ni wọ́n ń wà báyìí, orúkọ náà ò yí padà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó kọjá, ara Aiperi gbóná láti àárọ̀. Ọkọ mi ti padà sí Moscow, gbogbo àdúgbò sì ti lọ sọ́jà ẹran. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìkan ni kò lọ, òdìkejì odò sì nilé wọn. Fóònù mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, torí ọmọ ti rì í sínú tíì. Ìyá ọkọ mi ò ní fóònù. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni gìrì mú ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ le bí igi.

Ìyá ọkọ mi kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Tẹlifíṣọ̀n náà ní òun ò mọ ohùn yẹn. Wọ́n tún un pè. Ó tún sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n bá yíjú sí mi.

Mo ní kó pe Baba Ẹlẹ́ṣin Dúdú. Fíìmù ẹlẹ́ṣin ló gbé wá. Mo ní kó pe ẹ̀gbọ́n wa. Ó ní òun ò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Meerim, ọmọ mi ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo sì ń wá ohun mìíràn tí mo lè pe èèyàn láìdárúkọ rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá kiri? Dárúkọ rẹ̀."

"Màmá, níṣojú yín?"

"Níṣojú mi. Ṣebí èmi ni mo bí i."

Mo dárúkọ wọn. Ojú wọn yọ gàdàgbà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rí ọmọ, wọn ò dúró gbọ́ àlàyé. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní ibà ló fà á, pé ó lè má ṣe é mọ́, pé ká ṣáà máa tètè gbé e wá. Ọ̀rọ̀ "tètè" yẹn ni mo gbé wálé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá mu tíì, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé o ti di ẹgbẹ́ ọkọ mi. Èmi tí mo bímọ mẹ́rin fún un ò tíì dárúkọ rẹ̀ rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bu tíì kún ife rẹ̀. Ọkàn mi rí bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Mo mọ̀ pé tèmi ni, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ lórí fóònù, ó ní òun á kọ́ wa bí a ṣe máa yí orúkọ náà padà. Ìyá rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ́ wa bí a ṣe máa fi ohùn tèmi náà sí i, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ náà á máa pè é títí á fi mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi lè má sí nílé nígbà mìíràn."

Láti ìgbà náà, tí a bá ti mu tíì àárọ̀ tán, Màmá á jókòó tì mí. "Ó yá, pè é." Màá pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá á ní, "Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ là ń kọ́."

Èèyàn yẹ kó rẹ́rìn-ín sí i, tàbí kó sunkún. Méjèèjì ò tíì wá. Ṣùgbọ́n lánàá, kí Màmá tó ní kí n pè é, mo ti pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Mo ń gbọ́, ọmọ mi." Màmá gbé ife wọn lọ fọ̀.

Nítorí náà, rà á. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin kankan bá ọ kọ àwọn orúkọ. Jókòó, kí o kọ wọ́n fúnra rẹ.

Bá mi kí ìyá rẹ àti ọkọ rẹ. Fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Aiperi ní kí n kí yín.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bó ti wù kó rí,
Perizat