Ẹ̀rọ Tó Ń Súfèé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Òkú ẹ̀rọ kan wọlé lónìí. Arúgbó kan ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ.

Mo ní arúgbó — kò dàgbà tó mi. Ṣùgbọ́n irun ẹ̀ ta kókó, ó gùn dé ìdí, ó funfun bí òwú. Dàda Arúgbó ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí. Ohun tó pọ̀n wá, ó ní sintẹsáísà ni. Pẹlẹbẹ báyìí, eyín funfun àti dúdú bíi ti dùùrù, bọ́tìnì yíyí wá kún gbogbo orí ẹ̀ bí eéwo.

Ó ní ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lọ́wọ́ òun. Orin Góà lòun fi ń ṣe — Góà tíráǹsì. Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ó ní orin tí àwọn máa ń jó létí òkun nígbà èwe àwọn. Kò sí akọrin níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀rọ nìkan. Mo ní orin tí kò lẹ́nu, ta ló ń kì, ta ló ń bú? Ó rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú ẹ̀ kan ti yọ.

Àìsàn ẹ̀rọ: ó ń kùn, eyín mẹ́ta kò dún, á sì dédé kú. Ó gbọ́dọ̀ yá kó tó di Àbámẹ́ta ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ yẹn ni àwọn tí wọ́n jọ jó nígbà náà fẹ́ pàdé nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn ojú irin. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi í sí, ó ní orúnkún àwọn ò gba òru mọ́. Òun ló máa kẹ́yìn. Ó ní bí ẹ̀rọ yìí ò bá sí, òun ò ní lọ, torí ohùn tí wọ́n fi mọ òun, inú ẹ̀ nìkan ló wà.

Mo ní kó wo ara ògiri. Ó kà á sókè: IṢẸ́ MI KÌ Í PADÀ. Ọdún mọ́kànlélógójì. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́ta! Àwọn tó fi fìlà dúdú ya fọ́tò ní yunifásítì ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé rédíò wọn wá fún mi. Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí rédíò bá ń ṣàìsàn, láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ọ̀gá Kékeré ti ń fọwọ́ pa nǹkan ọ̀hún lára. Ọmọ mi obìnrin ni, ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń bá mi jókòó sídìí bẹ́ńṣì. Mo ní kó gbọ́wọ́ kúrò. Tèmi ni.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo tú u. Iyanrìn wà nínú ẹ̀! Ìkúnwọ́ kan gbáko. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ oníná lọ jó lórí iyanrìn, ṣé orí ẹ̀ pé?

Kàpásítọ̀ mẹ́rin ti wú. Mo pààrọ̀ wọn, kíkùn dáwọ́ dúró. Mo fi sípírítì fọ abẹ́ eyín mẹ́ta yẹn, wọ́n dún. Iṣẹ́ wákàtí méjì. Ẹlòmíì á fi oṣù kan ṣe é, á tún dá wáyà sílẹ̀.

Nígbà náà ni mo rí àìsàn gidi, èyí tí olóhun fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Bọ́tìnì kan wà láàárín. Bí mo bá ti yí i, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé — wíìì — á máa gun òkè, á máa gun òkè, kó tó dé ibi kankan, á pòórá. Pátápátá. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì yí bọ́tìnì náà dé ìdajì. Ohùn tó gbéra tí kò dé ilé, àìsàn ni. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń pa ìsúfèé nínú rédíò. Ìsúfèé kì í ṣe àlejò mi. Mo wá síkúrù kékeré tó ń darí ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, mo yí i sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Ohùn wá mọ́ bí omi òjò.

Ọ̀gá Kékeré ní ṣé ó dá mi lójú. Mo bi í pé ta ló bí ẹnìkejì.

Ọjọ́rú, 5

Mo nu ẹ̀rọ náà. Ó ń dán. Bí ìjọba bá mọ ohun tó ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni, wọn ì bá ti fi mí joyè.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìyà rèé.

Dàda dé, ó dì mọ́ mi. Ó jókòó, ó tẹ eyín, gbogbo ẹ̀ dún, ó ń mi orí. Ó wá yí bọ́tìnì àárín. Ó tún un yí. Ojú ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń pe ọmọ ẹ̀ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó ní, Bàbá, ó ti yadi.

Mo ní kí ló yadi nínú ohun tó ń pariwo gbogbo àdúgbò yìí? Ó ní ara ló ń dún, ohùn ti kúrò níbẹ̀. Mo ní o gbé aláìsàn wá, mo wò ó sàn, o wá ń sunkún àìsàn. Ó ní àìsàn yẹn gan-an lorin òun.

Kí lèèyàn ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ó fi í sílẹ̀ lọ. Ó ní Àbámẹ́ta ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó fi ọ̀rọ̀ náà bẹ̀ mí, ó lọ. Iṣẹ́ tó padà, lórí bẹ́ńṣì mi. Àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélógójì. Mo fi aṣọ bò ó kí oníbàárà má baà rí i.

Ẹtì, 7

Ìjà. Ọ̀gá Kékeré ní Dàda jàre. Ó ní ọkùnrin náà gbé akọrin wá, èmi gé e láhọ́n, mo wá ń bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò fẹ́.

Mo ní ìgbà wo ló di onímọ̀ orin Góà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù, nǹkan kékeré yẹn tó ń kì bọ etí bó bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Mo rò pé ìwàásù ni.

Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan síkúrù yẹn. Mo ti wí.

Àìkú, 9

Dàda wá bá mi nílé, ó di kásẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá. Ó fẹ́ kọ́ mi lórin. Èmi!

Ó kọ́kọ́ fi tiẹ̀ sínú rédíò mi, ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Gbì gbì gbì gbì. Mo fi aago ọwọ́ mi kà á: ìlù márùndínláàádọ́jọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nǹkan kan ń sáré lábẹ́ ẹ̀ kìtìkìtì bí ẹṣin tó já okùn. Ó parí. Mo ní ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ó wá ṣí fóònù, ó ní kí n gbọ́ ti ìwòyí. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí ló ṣe é, inú kọ̀ǹpútà àgbélétan ni gbogbo ẹ̀ wà, kò sí wáyà, kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan. Gbì gbì gbì náà ni, ṣùgbọ́n ó sanra, ó mọ́, bí ọmọ olówó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Dàda yínmú sí i. Ó ní àwọn ìwòyí fi ìwọ̀n wọn ohun gbogbo, ohùn kan kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń yí bọ́tìnì tàwọn, ọwọ́ sì máa ń gbọ̀n, orin òní kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ti àná. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti rí i pé ó gbọ́n. Ọwọ́ ju kọ̀ǹpútà lọ.

Àmọ́ mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní ti àtijọ́ o, ti ìwòyí o, ọ̀kan náà ni wọ́n létí mi: ẹ̀rọ ìlọta tó ń lọ̀ láìsí ata nínú ẹ̀.

Kò bínú. Ó rọra bi mí pé, Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ èyí tó ń ṣe lókè ni? Ó ní orí ìlù yẹn ni ohùn mẹ́ta, mẹ́rin, ti ń wé mọ́ra bí irun dídì, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀, àti pé ibẹ̀ lorin wà. Ìlù kàn ń rù ú ni.

Mo ní òkè wo?

Ó wo Ọ̀gá Kékeré. Ọ̀gá Kékeré wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wo ara wọn báyẹn nínú pálọ̀ mi.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ọ̀gá Kékeré gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń dán sípíkà wò jáde, èyí tó ń ké ohùn kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó so ó mọ́ sípíkà, ó so ó mọ́ Gíláàsì náà — bí mo ṣe ń pe ẹ̀rọ tó ń ya ohùn bí ìgbì sójú gíláàsì nìyẹn. Ó ní ká ṣeré kan: ẹni tí kò bá gbọ́ mọ́ kó nawọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ bá mi du etí?

Ohùn ń gòkè. Wíìì. Ó tán. Mo nawọ́.

Kò nawọ́.

Mo wo Gíláàsì. Ìgbì ṣì ń jó níbẹ̀, ó há mọ́ra bí eyín òòyà. Mo ní sípíkà ti ya. Ó pààrọ̀ sípíkà. Ó tún tán létí mi níbì kan náà. Mo ní wáyà ni. Mo pààrọ̀ wáyà fúnra mi. Ibì kan náà — ibi tí ẹ̀rọ Dàda kú sí gẹ́lẹ́.

Mo fi aago ka ti Ọ̀gá Kékeré. Lẹ́yìn tèmi, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógún kó tó nawọ́.

Mo ní kó lọ jẹun.

Ìṣẹ́gun, 11

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ikọ́ ni.

Ọjọ́rú, 12

Mo tú ẹ̀rọ Dàda. Mi ò gbé etí síbẹ̀ rárá. Mo so Gíláàsì mọ́ ọn, mo mú síkúrù díráfà tó kéré jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí síkúrù yẹn padà síbi tó wà. Lójú gíláàsì, ìgbì dìde, ó gùn, ó há. Létí tèmi, wíìì díẹ̀, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ ibojì. Ọ̀gá Kékeré di ojú, ó na ìka kan sókè. Díẹ̀ sí i, Bàbá. Díẹ̀. Ẹ padà bí irun kan. Ó tó.

Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Kí ó wà ní kíkọ síbí: ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Ọ̀sán ni Dàda dé. Ó yí bọ́tìnì àárín, ó bú sẹ́kún. Àgbà tó ti hewú, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá! Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì, dàda ẹ̀ gbá ilẹ̀ mi mọ́. Ó ní, Bàbá, etí yín ò láfiwé.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bí mo ṣe wà nìyẹn.

Ọ̀gá Kékeré wúkọ́.

Àbámẹ́ta, 15

A lọ. Ilé ìkẹ́rùsí gbòòrò, òrùn gba àárín páànù wọlé. Àwọn arúgbó ìranù! Oníkùn ńlá ń fò, olórúnkún dídì ń fò. Obìnrin kan tó tó mi lọ́jọ́ orí wọ bàtà olówùú, ó ń fẹ́ ọwọ́ bí ẹyẹ.

Ọmọ ìwòyí tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Dàda yẹn ló kọ́kọ́ ṣe. Ó dúró lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ẹ̀ bí akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlù ẹ̀ wọ inú mi dé ìfun. Wọ́n jó, mi ò purọ́.

Dàda gba ipò ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ń wò, torí kò sóhun mìíràn tí mo ní. Gbì gbì gbì. Ó gbé ìka méjì lé bọ́tìnì àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé nawọ́ sókè. Ẹnu là sílẹ̀. Wọ́n ké. Ọ̀gá Kékeré náà ké, ó dijú, omi sì wà lójú ẹ̀.

Èmi, wíìì díẹ̀ tó pòórá, ó wá ku ẹ̀rọ ìlọta. Mo dúró láàárín wọn bí ẹni tó wọlé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwàdà tán.

Mo nawọ́ sókè. Kí wọ́n má baà wò mí.

À ń jáde lọ ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì kí mi, oníbàárà mi àtijọ́. Ó ní ọmọ yín yìí, èèyàn ni o. Ó ní rédíò tí mo tún ṣe fún òun lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ṣì ń súfèé wíńwíń lẹ́yìn tí òun gbé e délé, Ọ̀gá Kékeré fúnra ẹ̀ ló wá parí ẹ̀ fún òun. Ó ní ẹ ṣé tí ẹ rán an wá.

Mi ò rán ẹnikẹ́ni.

Àìkú, 16

Mo bi í. Ó kọ́kọ́ ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Mo tún bi í.

Ọdún mẹ́fà. Ó ní nínú iṣẹ́ mẹ́wàá, ó máa ń tó mẹ́rin. Òun á dúró kí n lọ jẹun ọ̀sán, òun á tú u, òun á pa ìsúfèé tí mo fi sílẹ̀, òun á dè é padà. Ó ní òun máa ń fún síkúrù le bí mo ṣe máa ń fún un gan-an, kí n má baà mọ̀. Èyí tí òun ò bá ráyè ṣe, òun á tọ̀ ọ́ lọ sílé olóhun.

Mo wá ìbínú káàkiri inú mi, mi ò rí i. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ. Ó ní èmi ni mo kọ́ òun pé iṣẹ́ kì í padà, òun ò kàn jẹ́ kó padà ni.

Mo wá ní láti ọ̀la, èmi á máa tú, èmi á máa tún un ṣe, torí ọwọ́ yìí kò tíì lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun ò ní jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé o nàka sókè. Ó ní ó dáa, Bàbá. Kò rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́ ni.

Dàda ti fi kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí Ọ̀gá Kékeré fi í sínú rédíò. Ó ní ṣé kí òun máa sọ èyí tó ń ṣe lókè fún mi bó ṣe ń lọ. Mo ní rárá o, ṣé afọ́jú ni mí? Nígbà tó yá mo ní ó dáa, kó sọ ọ́, kó má kàn pariwo. Ó ń sọ ọ́: ọ̀kan ti dìde, ó ń yí bí ìjì kékeré, òmíì ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó ti kọjá ẹ̀, ó ń ké báyìí, Bàbá, ó ń ké. Gbì gbì gbì ni mo gbọ́, mo sì ń mi orí.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé orin rádaràda ni. Ìdajì ẹ̀ péré ni mo gbọ́.