Màámá Jókòó-Ná, Nọ́ọ̀sì Tí Kì í Báni Yàn

Inú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni wọ́n bí ìyá wa, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Màámá Jókòó-Ná, sí ní ọdún 1948. Télọ̀ náà ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́jọ tó tẹ̀ léra pẹ́kípẹ́kí, débi pé kí wọ́n tó já ọ̀kan lẹ́nu ọmú, òmíràn ti dé.

Màámá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní ọdún 1954. Orí wọn pé, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ìkókó tuntun bá dé, àwọn ni wọ́n ń dúró nílé láti pọn èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1970, wọ́n ti dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn kan ń kí wọn bí olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ní ọdún 1975, wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ ilé ìwòsàn, tó máa ń ní òun gbé nọ́ọ̀sì kan wá síbi iṣẹ́, òun ò sì ráàyè dá a padà mọ́. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bi Màámá bóyá ó ti tó, wọ́n ní kí wọ́n lọ bi ọkọ àwọn. Bàbá ní kí wọ́n padà lọ bi Màámá. Títí di òní, a ò mọ ìdáhùn.

Yàrá ìfètòsọ́mọbíbí, èyí tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ni Màámá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2008. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọbìnrin tún ń wá wọn wá sílé láti gba ìmọ̀ràn. Bí ọkọ tàbí ìyá ọkọ bá tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan dé ẹnu ọ̀nà, Màámá á ní, "Ẹ jókòó ná," wọ́n á sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn lójú. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà kò dé etí wa nílé rí.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màámá. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kì í bá ti ẹnikẹ́ni rìn. Alàgbà kan bi wọ́n nígbà kan pé ẹ̀yìn ta ni wọ́n wà gan-an, ti àwọn tó fẹ́ bímọ ni àbí ti àwọn tí kò fẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ẹni tó bá jókòó síwájú àwọn ni. Alàgbà náà lọ sílé pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣì ń wá ọ̀nà.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì, lọ bá wọn. Ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ́ ọmọ kíákíá, òun sì fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lóyún. Màámá ṣàlàyé oògùn oníhóró, abẹ́rẹ́, kọ́ńdọ̀mù, èyí tí wọ́n ń fi sí apá àti èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Nígbà tó béèrè pé kí wá ni kí òun ṣe, Màámá dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ fọwọ́. Ọmọ náà dúró títí, ó rò pé òun ti mú wọn bínú, ó sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màámá dágbére fáyé.

Láti ìgbà náà ni ilé ti dàrú. Ìyá ọmọ náà ní Màámá ì bá ní kó bímọ ná. Àbúrò ìyá rẹ̀ ní rárá o, Màámá ì bá ní kó dúró. Àwọn tó wá kí wa tún wá dá kún un. Olùkọ́ kan ní Màámá ló ní kí òun gba èyí tí wọ́n ń fi sí apá. Oníbúrẹ́dì kan ní Màámá ló ní kí òun yọ tòun kí òun sì bímọ.

Olùkọ́ ní, "Ẹ má parọ́ mọ́ òkú."

Oníbúrẹ́dì ní, "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Ọmọ náà bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo gan-an ló jáde lẹ́nu wọn?"

Àwọn méjèèjì ronú lọ, ronú bọ̀. Níkẹyìn olùkọ́ ní, "Wọ́n kàn jáde lọ fọwọ́ ni. Kí wọ́n tó dé, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́."

Oníbúrẹ́dì ní, "Tèmi pẹ́ débi pé mo rò pé omi ti gbé wọn lọ."

Ọmọ náà sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Màámá sinmi. Èmi ni kí ẹ bi." Ó ti sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé ọmọ yóò dúró títí òun yóò fi parí iṣẹ́. Ọkùnrin náà ní òun ṣì ń rò ó. Bóyá ìgbéyàwó yóò wáyé, a ò tíì mọ̀. Ọmọ náà kò mọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Màámá fi ọkọ sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn tí a kò tíì rí, tó jẹ́ pé ìyá wọn ni yóò sọ ìgbà tí wọn yóò dé. Alàgbà náà ní kí a yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kúrò nínú ìtàn ìgbésí ayé yìí. A bi ọmọ náà. Ó ní kí a fi í sílẹ̀.

Ìyá wa, ẹ máa sùn nínú àlàáfíà. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn tó rọ̀ fún yín.