Àwo Tuntun Mẹ́ta àti Orúkọ Tí Mo Pè Láìmọ̀

Òrílé Agége,
Ọjọ́ Sátidé.

Uswat ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le? Màámi ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbé wọn dé ìsọ̀? Ní tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara mi yá. Shuaib ọkọ mi náà wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ayọ̀, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ilé yìí kún. Pákó lásán ló la yàrá wa àti ti ìyá ọkọ mi láàárín. Bí mo bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù, gbogbo ilé ló máa gbọ́. O sì mọ̀ mí, ẹnu mi wúwo lójú èèyàn, àfi bí mo bá mú bírò. Fàúsát àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́la, òun ló máa fi í lé ọ lọ́wọ́.

O ní kí n sọ bí àwọn àwo orin tuntun ṣe rí fún ọ. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń fi ẹfun kọ máàkì àwo kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀ Màámi? Mi ò tíì jáwọ́. Bísíkíìtì ni a ń dì sínú páálí níbi iṣẹ́ wa ní Ìlúpéjú, wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọlé, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ láàárọ̀, etí mi kì í ṣófo. Shuaib ló fà á. Ó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọlé ọkọ, nígbà tí àwa méjèèjì ṣì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn. Mo ní orin. Ó ní orin wo? Mo ní gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé mẹ́mọ́rì tó kún fún orin dé. Láti ìgbà náà, àwo tuntun kì í jáde kó má tọ́jú ẹ̀ dè mí.

Èyí tí a ti ń retí láti ọdún kẹta ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ti Adérìnsọ́lá Olóhùn-Ìyùn, oníwákà wa. Uswat, ó dùn mí. Orin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́fà nínú ẹ̀, ó kàn ń kí àwọn olówó ni. Orúkọ mọ́kàndínlógún ni mo gbọ́ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi kan. Wọ́n tún ti fi ẹ̀rọ lọ́ ohùn ẹ̀, àfi bí ẹni tó ń kọrin látinú kẹ́ẹ̀gì omi. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kọ fún ìyá ìyá ẹ̀ tó kú ló jọ Adérìnsọ́lá tí a mọ̀. Èyí yẹn pa mí lẹ́kún nínú bọ́ọ̀sì, títí ọkùnrin tó jókòó tì mí fi bi mí bóyá mo gbàgbé nǹkan sílé. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni mo fún un, nítorí ìyá àgbà yẹn.

Èkejì á yà ọ́ lẹ́nu. Ṣé o mọ Ọpẹ́ Agége, èyí tí a máa ń pòṣé sí, pé ariwo lásán ni? Shuaib kó o sínú mẹ́mọ́rì láìbi mí, mo sì fẹ́ẹ̀ pa á rẹ́. Ó ku díẹ̀ kí n pàdánù. Orin kẹrin ẹ̀, tíṣà tó sọ fún un nílé ìwé pé kò ní wúlò ló kọ ọ́ fún. Mo ní ó dáa, èébú ti dé. Kò bú wọn rárá. Ó ń bẹ̀ wọ́n ni, pé wàhálà tóun fà ní kíláàsì yẹn, bóun bá jẹ́ tíṣà, òun ì bá ti lé ara òun jáde. Gbogbo àwa ọmọbìnrin inú bọ́ọ̀sì la ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Mẹ́jọ ni mo fún un, mo sì gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí ọmọkùnrin yẹn.

Ẹ̀kẹta ló gbé mi wọ ìjàngbọ̀n. Fọlábí Olóhùn-Arò ni, bàbá onísákárà tí bàbá àgbà mi máa ń gbọ́. O mọ̀ pé àwo méjì tó ṣe gbẹ̀yìn kò dáa, ó ń sáré tẹ̀lé àwọn ọmọdé. Èyí náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlù ẹ̀rọ bo gòjé mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo ti fẹ́ fún un ní méjì. Ṣùgbọ́n òfin wa ni pé a kì í fún àwo ní máàkì tí a kò bá gbọ́ ọ tán. Orin tó gbẹ̀yìn gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó ku gòjé nìkan, àti ohùn bàbá àgbàlagbà tó ti sán díẹ̀, ó ń pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan:

Oyèbọ́lá Àjàní, ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ,
A-lé-màlúù-wọ-ilé-onílé,
Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, n ò ní í jiyàn,
Bí o bá ń gbọ́ mi, dá mi lóhùn, ọjọ́ ń lọ.

Uswat, mi ò mọ iye ìgbà tí mo gbọ́ ọ. Mo fún un ní mẹ́wàá, mo sì ń kọ ọ́ kiri.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, íápíìsì wà ní etí mi méjèèjì. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá ki nǹkan yẹn sétí kì í mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè. Èmi tí wọ́n ń sọ fún nínú ilé yìí pé kí n sọ̀rọ̀ sókè, mo ń ké e bí ẹni tó wà lóko. Oyèbọ́lá Àjàní, ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ. Mo tún un kọ, mo tún un kọ. Ìgbà tí Fàúsát fọwọ́ kàn mí léjìká ni mo yọ íápíìsì, mo rí i pé gbogbo ilé ti dákẹ́. Bàbá ọkọ mi jókòó sábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú àwọn àlejò méjì tí wọ́n jọ ń ta màlúù ní Oko Ọba. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà ti fi fìlà bo ẹnu. Fàúsát rọra bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé o mọ ẹni tó ń jẹ́ Oyèbọ́lá?"

Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ, títí kan ọmọ ọwọ́ tó bá bá nílé. Láti oṣù kẹrin tí mo ti dé, mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi. Alhájì Ùsmán ni mo mọ̀ pé bàbá ọkọ mi ń jẹ́, òun náà ni wọ́n pè lọ́jọ́ yìgì wa. Ta ló máa sọ fún mi pé Oyèbọ́lá ni wọ́n ń pè wọ́n ní kékeré? Ó yẹ kí n ti fura nígbà tí mo gbọ́ màlúù. Mi ò fura. Wọ́n ga lóòótọ́, Uswat, ẹsẹ̀ wọn sì gùn.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Bàbá wò mí, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn. Ìyá ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó oṣù mẹ́rin. Ẹni tí kò lè kí èèyàn kó dé etí, òun ló ń pe bàbá ọkọ ẹ̀ lórúkọ, tó tún ń fi ẹsẹ̀ wọn kọrin níwájú àlejò. A rò pé ìtìjú ló ń ṣe é, ìgbéraga ni." Wọ́n mú fóònù lójú mi, wọ́n pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí wọ́n wá ní ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ṣe.

Mi ò lè sọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí. Mo ń kí Bàbá láàárọ̀, wọ́n á ní "hẹn," wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan. Mo ti ń rò ó pé wọ́n máa dá mi padà sílé. Shuaib bi mí, bi mí, mi ò lè sọ ọ́. Nígbà tó di Tọ́sìdeè, mo kàn ki íápíìsì sí i létí, mo fi ọwọ́ tẹ ibi ìṣẹ́jú kẹtàlá. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Munirat, ṣé o mọ ohun tí o gbọ́ báyìí?"

Òun ló wá là mí lóye. Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni Bàbá àti Fọlábí. Nígbà tí Bàbá ń bọ̀ láti Mẹ́kà lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Fọlábí ṣèlérí pé òun máa wá ṣeré pàdé wọn. Wọ́n dúró dè é títí ìrun alẹ́, kò wá. Òde olówó kan ló lọ. Bàbá búra pé òun kò ní gbọ́ ohùn ọkùnrin náà nínú ilé òun mọ́, láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé àwo ẹ̀ sí i nílé. Shuaib tó kó o fún mi, etí mi nìkan ló kó o fún, òun fúnra ẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti ń bẹ̀ wọ́n.

Shuaib lọ sọ fún Bàbá. Lánàá tí í ṣe Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá ní kí n wá sí pálọ̀. Shuaib fẹ́ tẹ orin náà fún wọn, wọ́n ní kó gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Mo ti búra, mi ò ní jẹ ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mi ò búra pé ìyàwó mi ò gbọdọ̀ kọrin. Jókòó, kí o kọ ọ́." Mo ní, "Bàbá, orúkọ wà nínú ẹ̀." Wọ́n ní, "Pè é bó ṣe pè é." Mo wo ìyá ọkọ mi, wọ́n ń wo ògiri. Mo di ojú mi, mo kọ ọ́.

Wọ́n ní kí n tún un kọ. Nígbà tí mo lajú, Bàbá ti ṣí fìlà, wọ́n ń fi í nu ojú. Wọ́n ní, "Ilé ìyá Fọlábí ni màlúù yẹn sá wọ̀. Ìkòkò mẹ́ta ló fọ́. Èmi ni mo lé e, òun ni wọ́n nà." Ìyá ọkọ mi ní, "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Uswat, àwọn tí mi ò tíì rí eyín wọn rí.

Bàbá bá gbé àga, wọ́n gbé e jáde sí ojú títì. Wọ́n ní ìta kì í ṣe inú ilé, kí Shuaib wá nọ́ńbà Fọlábí, kó pè é. Nígbà tí ó gbé e, Bàbá ní, "Èmi ni." Ó ní, "Ìwọ ta?" Bàbá ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ." Nígbà náà la gbọ́ Fọlábí tó ní, "Oyè, ta ló gbọ́ ọ dé ibẹ̀? Àwọn tó bá mi ṣe é ní kí n yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní ta ló máa dúró títí ìṣẹ́jú kẹtàlá." Bàbá ní, "Ìyàwó Shuaib ni. Ó ní èyí tó ṣáájú ẹ̀ ò dáa." Shuaib ló tú mi fó, mi ò sọ fún ẹlòmíì. Fọlábí ní, "Ẹ gbé fóònù fún un."

Mo kúnlẹ̀ lójú títì, mo gbé fóònù sétí. Ó ní, "Ìyàwó, kí ló ṣe é?" Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yẹn bo gòjé mọ́lẹ̀, ó bo ẹ̀yin náà mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pa á ni mo ti mọ̀ pé ẹ ṣì wà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní ohun tóun náà sọ fún wọn nìyẹn, ó ní kí n máa bá a lọ, orin kejì ńkọ́? Mo ń sọ ti orin kejì lọ́wọ́ ni ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n rí mi lórí ìkúnlẹ̀ lójú títì, wọ́n ju báàgì sílẹ̀, àwọn náà kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ bá mi forí jì í, mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ìyá ọkọ mi sáré fà wọ́n lápá dìde. Wọ́n ní, "Ẹ rọra, Ìyá Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń wí. Ọmọ yín ń bá Fọlábí Olóhùn-Arò wí lórí fóònù."

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kó fún ìwọ náà ní ọkọ tó mọ ohun tí etí rẹ ń fẹ́ àti ilé tí wọ́n á ti gbọ́ ohùn rẹ. Kí ẹsẹ̀ Màámi di ẹsẹ̀ ọ̀dọ́, kí ìsọ̀ wọn má ṣófo. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tí a jọ ń jà lórí máàkì,
Munirat.

Àfikún: Mẹ́mọ́rì wà nínú àpò ìwé yìí, mo fi ọ̀rá dì í. Mo mọ̀ pé o máa ní mẹ́ta kéré fún Adérìnsọ́lá. Kọ ìdí ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo ti múra ìjà sílẹ̀.