Ehoro Ẹ̀yìn Pápá

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹrin

Mississippi. Oòrùn, ẹ̀pà sísè, àti ogún àgbà ọkùnrin onífìlà tí wọ́n di aago mú bí ẹni pé wọ́n máa já a gbà lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ wa náà nìyẹn: ká máa wá ọmọ yunifásítì tí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńlá lè mú. Ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wá wò — Travion Beasley, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá. Ó sáré. Wọ́n wo aago, wọ́n wo ara wọn, ẹnu ò padé mọ́. Ehoro náà ń sáré o. Ta ló fi ehoro gbá bọ́ọ̀lù rí? Orúkọ ẹ̀ nìyẹn níbí: Ehoro.

Hutto jókòó tì mí. Ẹgbẹ́ mìíràn ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́pà ni mo ń pè é — á jẹ ẹ̀pà títí eré á fi parí, kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní ọmọ yìí wu òun. Kí ni kì í wù ú, tó bá ṣáà ti léèpo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ehoro fò, ó nà gbalaja, ó hán bọ́ọ̀lù. Gbogbo pápá dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀dẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó kàn dúró dè ni! Iwájú ló kọ́kọ́ sá sí, kó tó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Ẹsẹ̀ ló yọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ọ̀gá Kékeré pè mí láti ọ́fíìsì. Ọmọ tí mo lè bí, kò jókòó sínú oòrùn pápá rí. Ó ní, "Wendell, ó ti pẹ́ tó o ti mú ọmọ gidi kan wá. Tí tọdún yìí náà bá lọ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ó dàbọ̀ nìyẹn o." Mo ní mo gbọ́, sà. "Sà" yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

A tẹ̀ lé ẹgbẹ́ Ehoro lọ sí pápá àwọn alágogo. Agogo màlúù ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé wá wòran, wọ́n á máa lù ú títí etí á fi di. Ehoro dúró bí òpó. Bọ́ọ̀lù ń kọjá lórí ẹ̀, kò mira. Eré ò tíì dé ìdajì tí àwọn onífìlà ti ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn fún un.

Lẹ́yìn eré, ìyá ẹ̀ ń juwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó wo ọ̀ọ́kán ibẹ̀, ó tún gbójú kúrò. Ìgbà tí obìnrin náà pè é lórúkọ ló tó yà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ yìí ò ríran jìnnà. Etí ló fi ń ṣọ́ pápá! Kóńdó irin ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, ó máa ń dún goo. Tó bá ti gbọ́ ọ, á sá, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá súnmọ́ ọn ni á tó rí i. Lónìí agogo bo ohùn irin mọ́lẹ̀.

Tó bá wá ríran ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 21

Awò ojú lásán ló nílò. Mi ò ní sọ fẹ́nì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kárùn-ún

Orúkọ Ehoro ti wọmi. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é báyìí. Kí wọ́n máa pè é. Tó bá dòṣù tó ń bọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń yan ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fò ó, àwa á mú un nígbà tó bá kù díẹ̀ kí yíyàn parí, lówó pọ́ọ́kú, màá wá ní kí wọ́n wá awò fún un. Ọ̀gá Kékeré á kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ní sà.

Olùkọ́ wọn ti fà á kúrò nínú eré. Orí bẹ́ǹṣì ló wà, ó sorí kọ́. Ìyà oṣù kan kì í pa ọ̀dọ́. Sùúrù ló lérè.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ẹlẹ́pà ní Ehoro fẹ́ fi bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Ọmọ yẹn ń sunkún, Wendell." Mo ní kó lọ ra áńkáṣíìfù fún un. Ó wò mí. Kò jẹ ẹ̀pà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ehoro wọ pápá tòun tawò lójú, wọ́n fi rọ́bà dè é mọ́pàákọ́. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan jìnnà réré. Irin ò tíì dún tán tó ti ń lọ. Ó débẹ̀, ó dúró, ó gba bọ́ọ̀lù bí ẹni gba ife omi. Kò fò, kò ṣubú. Àwọn onífìlà ti mú fóònù, wọ́n ń pe ọ̀gá wọn.

Mo bi Ẹlẹ́pà pé ta ló sọ fún ọmọ náà. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ni mo sọ fún. Ọjọ́ alágogo ni mo ti ń fura." Mo ní ó ti gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́wó nìyẹn, pé ẹgbẹ́ tiẹ̀ náà ò lè rí i mú mọ́, òmùgọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ṣáà ni. Ìwọ náà ì bá sọ fún wọn, ká ní o rí i."

Nígbà tí eré parí, ọmọ náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń wo ewé orí igi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ó ní òun rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń rí i nìyẹn. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó síbí, sà? Mi ò rí ojú yín rí. Ẹ ti ń wò mí látọjọ́ yìí, ẹ̀yin ò kíyè sí i pé mi ò ríran?"

Ojú yìí ni mo fi ń jẹun. Mo ní rárá, mi ò kíyè sí i. Ẹlẹ́pà ń bó ẹ̀pà, kò gbójú sókè.