Ẹyẹ Tó Ń Fi Ilé Wá Ìyàwó

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹsàn-án 2016
Mo mú àlejò mẹ́ta gun òkè lọ wo Káfíńtà. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn — ẹyẹ aláwọ̀ eèpẹ̀, kò dára lójú rárá, àmọ́ ó fi igi wẹ́wẹ́ kọ́ ahéré tí ọmọdé lè wọ̀. Níwájú ẹ̀: òdòdó pupa lọ́tọ̀, èso dúdú lọ́tọ̀, ìyẹ́ kòkòrò dídán lọ́tọ̀. Kó ṣáà lè rí abo fà mọ́ra ni. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Èmi ń ronú nípa Dorce, opó tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé mi. Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Mo ra ọ̀dà búlúù nílùú Manokwari, mo fi kun ilé mi. Ó ku fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 8
Dorce ń kọjá lọ sóko ọ̀dùnkún. Láti ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Mo ní, "Òjò máa rọ̀." Oòrùn ń ràn. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Melki." Ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Mo to òdòdó pupa sẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi Yakoba dé, ó dúró, ó wò ó. "Ta ló kú?"

Ọjọ́ Ajé, 12
Dorce fẹ́ wo ẹyẹ! Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní àwọn òyìnbó ti rí i tán, òun ọmọ ìlú ò tíì rí i.

Ọjọ́bọ̀, 15
A jókòó sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí mo fi ṣe ibùba láàárọ̀ kùtù. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í sín àwọn ìró tó mọ̀ jẹ: ajá gbó, àáké bẹ́ igi — lẹ́yìn náà, ó wúkọ́. Ikọ́ mi ni, èyí tí mo máa ń wú kí n tó sọ̀rọ̀. Dorce fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Abo kan dé. Ó yọjú wo inú ahéré, ó ṣa èso kan, ó sọ ọ́ nù, ó lọ. Káfíńtà gbé èso padà sáàyè ẹ̀.

Dorce bi mí pé, "Tó bá ti gbà fún un ńkọ́, ibí ni wọ́n á jọ máa gbé?"

Mo ní rárá. Abo á lọ kọ́ ìtẹ́ tiẹ̀ níbòmíràn, á dá sàba, á dá bọ́ ọmọ. Akọ á wà níbí, á máa to òdòdó.

Ó ní, "Mo ti fẹ́ irú ẹ̀ rí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

Mo fẹ́ dáhùn. Ikọ́ nìkan ló jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 18
Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Dorce wá wo ilé mi. Ó wo ọ̀dà, ó wo òdòdó, ó wo àga tí mo gbẹ́. "Ibo lẹ ti ń dáná?"

Kò síbi ìdáná. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ilé yìí, ilé Yakoba ni mo ti ń jẹun.

Ọjọ́rú, 21
Mo mọ ààrò. Ọ̀dùnkún jóná lẹ́yìn, inú ẹ̀ ò jinná. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24
Ibà dá Dorce dùbúlẹ̀. Mo gbé ọbẹ̀ lọ. Mo bá a ro ebè mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27
Ọbẹ̀ tún ni. Ó ní iyọ̀ pọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 30
Ara rẹ̀ ti yá. Ó ní, "Melki, ṣé nǹkan kan wà tí o fẹ́ sọ àbí kí n bá ọ sọ ọ́?" Mo ní kó bá mi sọ ọ́. Ó bá mi sọ ọ́.

Àmọ́ kò ní í gbé ilé búlúù. Omi jìnnà síbẹ̀, ó ní kí n máa fi àwọn àlejò wọ̀ sí i. Èmi ni kí n kó wá sọ́dọ̀ òun. Yakoba ti lọ bá àwọn ẹbí Dorce sọ̀rọ̀ aṣọ ìdána. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó rìn dáadáa.

Ilé Dorce ni mo ti ń kọ èyí. Kò sí ọ̀dà lára ògiri. Òrùlé ń jò lójú mẹ́rin, ìkan wà lókè orí mi gan-an. Ó ti gbé àkàbà síta fún mi.