Tábìlì Tí Yóò Bo Ìró Rẹ

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ bí ẹni tó sọ nǹkan nù tó tún rí i he. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́ níbi tí o ń jókòó sí? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àwátì, ẹni tí kò fẹ́ kí o yó kò ní bá ọ pín àwo. Màmá wa kí ọ. Ó ní kí n má kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà yìí kí ojú má bàa tì mí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti kú tí o ti ń pè mí ní Bàbá Kékeré, mi ò fi nǹkan pamọ́ fún ọ rí.

Ara wa le. Mo ti dí ibi tó ń jò ní yàrá Màmá, ó ti wá ń jò ní tèmi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Nígbà tí o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, tí o ní ilé-iṣẹ́ mìíràn fẹ́ kí o máa jókòó sí yàrá rẹ kí o máa ya àwòrán ilé fún wọn, mo sọ fún ọ pé iṣẹ́ tí kò ní géètì kì í ṣe iṣẹ́. O dá mi lóhùn pé ìwọ lo yàn án, bó bá korò, ìwọ náà lo máa gbé e mì. Mo ní kò burú, mi ò sì pè ọ́ mọ́. O mọ bí mo ṣe máa ń dákẹ́.

Àfìgbà tí Nọ́ọ̀sì tó kọjú sí ilé wa ra fóònù tí a fi ń rí ojú ẹni, Màmá sì ní kó bá wa pè ọ́. O wọ kóòtù dúdú lé ṣẹ́ẹ̀tì funfun, o gún régé bí adájọ́. Inú mi dùn, mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn náà lo dìde láti lọ ti fèrèsé, ni mo bá rí ìsàlẹ̀. Ìró àtijọ́ Màmá ni, èyí tó ti ṣá, tí wọ́n lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ.

Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tó ní kóòtù tí kò ní síkẹ́ẹ̀tì, ó ti tà á jẹun ni. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé láti ìsàlẹ̀ ni ìyà ti máa ń bọ́ aṣọ lára èèyàn, pé bí a bá fi máa tún pè, kóòtù náà yóò ti lọ. Màmá ní ebi wo ló ń pa ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún báyẹn. Mo ní o fẹ́ atẹ́gùn sí i nítorí wa ni. Nọ́ọ̀sì ní bóyá àwọn ọ̀gá rẹ kì í rí ìsàlẹ̀. Mo ní kó máa lọ gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, èmi ni mo mọ àbúrò mi.

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Bíríkìlà. O mọ pákó ńlá tí Bàbá fi sílẹ̀, tí Bíríkìlà ti ń bẹ̀ mí kí n tà fún òun, tí mo búra pé mi ò ní tà á láéláé. Mo ní kó wá gbé e. Owó rẹ̀ ni mo fẹ́ fi san gbèsè yòówù tó bá wà lọ́rùn rẹ, kí n sì mú ọ wálé. Mo ti gbá yàrá rẹ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwọ lo yan ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó yan ọ̀nà tó ṣubú síbẹ̀, ṣé a ó wá máa wò ó nílẹ̀ ni?

Màmá ni kò gbà. Ó jókòó sórí pákó, ó ní kí Bíríkìlà gbé òun mọ́ ọn bó bá lágbára. Ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ ta ogún ọmọ láìtíì bi ọmọ léèrè, pé kí n pè ọ́. Ó nira fún mi láti pè, nígbà tó jẹ́ èmi ni mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n Bíríkìlà ń wo pákó bí ajá tí ń wo eegun, Màmá ò sì dìde, ni mo bá lọ bẹ Nọ́ọ̀sì.

Mo bi ọ́ pé níbo ni síkẹ́ẹ̀tì rẹ wà. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. O ní ooru ló mú ọ, pé inú kọ̀ǹpútà ni àwọn ọ̀gá rẹ ti ń rí ọ, òkè nìkan sì ni wọ́n ń rí, o gbé fóònù yí ká yàrá, mo rí àwọn síkẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe so rọ̀ lọ bẹẹrẹ, mo rí oúnjẹ nínú àpò, mo rí àwòrán ilé tí o ń yà lọ́wọ́. Ìlà rẹ tọ́, bí mo ṣe kọ́ ọ láti fi ṣọ́ọ̀kì fà á lórí pákó. Èémí tí mo mí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ gbogbo eruku pákó inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi jáde.

Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé orí àpótí aṣọ ni o gbé kọ̀ǹpútà lé. Mo ní kí Bíríkìlà máa lọ sílé, mo mú ìfági. Pákó Bàbá ti di tábìlì rẹ. Mo kan iwájú rẹ̀ pa dé ilẹ̀, nítorí ohun yòówù tí o bá sọ, ọ̀gá kì í ṣe ẹni à ń fọkàn tán, ọ̀kan nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan kó yọjú wo abẹ́. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé ìró òun kò ṣá tó bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀.

Awakọ̀ tó ń kó pákó ni yóò gbé e dé. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ àti owó fáníìṣì lé e lọ́wọ́, mi ò gba owó pákó, Bàbá ti san ìyẹn. Má fi owó ránṣẹ́ sínú fóònù Nọ́ọ̀sì, nítorí bí a ṣe máa fà á yọ láìfọ́ fóònù onífóònù kò yé mi.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ohun tí o yàn dùn lẹ́nu rẹ. Bó bá wá korò lọ́jọ́ kan, má dá gbé e mì. Yàrá rẹ ṣì wà ní gbígbá.

Wàá rí géètì kékeré kan tí mo ṣe sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà, ó ní ìkọ́. Láàárọ̀, ṣí i kí o wọlé. Nírọ̀lẹ́, jáde kí o tì í. Ó ti di iṣẹ́ báyìí.

Èmi ni,
Bàbá Kékeré rẹ, káfíńtà.