Abọ́ Ìrẹsì Mọ́dù

Bánjùl, ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹjọ, 1974

Láti ìgbà tí Mọ́dù ti wọkọ̀ lọ pẹja lójú òkun tí kò padà, Fátù ìyàwó rẹ̀, tó múlé gbè mí, kò yé bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ lálaalẹ́. Lónìí, èmi ló gbé abọ́ náà wá fún.

"Ìyá, ẹ jẹ ẹ́."

Mo ní, "Gbé e padà. Ta ló sọ fún ẹ pé ebi ń pa mí? Ti ọkọ ẹ nìyẹn."

Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó lọ kó bàtà Mọ́dù, tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn láti ọjọ́ tó ti lọ, kúrò níta.

Ebi ń pa mí lóòótọ́. N kò ní jẹ ẹ́. Ta ló rí òkú rẹ̀?

Mo ti fi àwo bò ó. Bí ó bá dé, kó wá kan ilẹ̀kùn mi.